Èsì wa sí oníbàárà tó ní ẹ̀yìn C300 tó rà lọ́wọ́ wa há

Ọ̀gá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tó ń dùn yín, pé ẹ kò kàn fún wa ní ìràwọ̀ méjì kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ ní Mercedes C300 Sport ti ọdún 2010, tòkunbọ̀, tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, dà bí ààfin níwájú, ṣùgbọ́n àgò adìẹ ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ní nígbà tí ẹ gbé Màmá àti àwọn ọmọ méjì láti Ìkòròdú lọ sí Àkúrẹ́, orúnkún Màmá kò kúrò lẹ́yìn àga yín títí ẹ fi débẹ̀. Ẹ ní Mercedes E350 kan, èyí tó tóbi jù ú lọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C300 yẹn lọ́jọ́ tí ẹ wá, tí iye wọn kò sì jìnnà síra, àmọ́ a fi ẹnu dídùn darí yín sọ́dọ̀ èyí tó kéré nítorí pé òun la fẹ́ tètè tà. Ẹ tún ní táyà ẹ̀yìn kan bẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ sì béèrè bóyá a lè bá yín pààrọ̀ ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi wa. Mo pe ọmọ iṣẹ́ wa tó dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà, mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn yín. Ó ní ẹni tó fọ ọkọ̀ náà láàárọ̀ ló wà á wá síwájú, ènìyàn kúkúrú sì ni, bó ṣe fa àga awakọ̀ síwájú náà ló fi í sílẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀yìn, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ ní ó dára, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ owó lọ. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ kọ́kọ́ jókòó síwájú, kí ẹ ti àga náà sẹ́yìn dé ibi tí ẹsẹ̀ tiyín fẹ́, kí ẹ tó lọ jókòó sẹ́yìn ara yín. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn gíga ni yín. Àná ni mo dán an wò fúnra mi nínú C300 mìíràn tó wà nílẹ̀: mo ti àga sẹ́yìn títí mo fi lè tẹ búrẹ́kì láìká orúnkún kò, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ẹ̀yìn, àtẹ́lẹwọ́ mi kò kọjá láàrin orúnkún mi àti àga iwájú àfi ìgbà tí mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gún un wọlé. Màmá kò purọ́. A béèrè iye tó wà lọ́wọ́ yín, a béèrè irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́, a kò béèrè ẹni tí yóò máa jókòó sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Bí a bá wọn ọkọ̀ méjèèjì láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, C300 yín jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 276, E350 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 285. Sẹ̀ǹtímítà 9 yẹn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn sì ni ohun tí Màmá kò rí. Búùtù C300 gba lítà 475, ti E350 gba 540, àmọ́ ẹ kò ṣàròyé nípa ẹrù, nítorí náà n kò ní dúró lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n pé a darí yín sọ́dọ̀ C300 nítorí èrè tiwa, ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Èrè tó wà lórí E350 yẹn pọ̀ ju tiyín lọ. Ohun tí kò hàn nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ni pé ọdún 2006 ni E350 náà. Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ó lè ra ọkọ̀ tó kéré tí kò tíì dàgbà, ó sì lè ra èyí tó tóbi tó ti fi ọdún mẹ́rin dàgbà jù ú lọ. Ẹni tó bá ń wo gígùn bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan kò ní rí ọdún mẹ́rin yẹn, mekáníìkì rẹ̀ ni yóò fi hàn án.

Ẹ́ńjìnnì M272 ló wà nínú àwọn méjèèjì, lítà 3.0 tó ní agbára ẹṣin 228 nínú C300, lítà 3.5 tó ní 268 nínú E350. Ọmọ ìyá ni wọ́n, gíà méje ni àwọn méjèèjì sì ń lò. Ṣùgbọ́n nínú àwọn M272 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, irin eléyín kan wà nínú lọ́hùn-ún tí ṣéènì ń yí, tó máa ń tètè jẹ. Bí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, iná ẹ́ńjìnnì á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, mekáníìkì kò sì lè dé ibẹ̀ láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ti ọdún 2006 wà lára wọn. Ti 2010 ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. E350 yẹn tún ń lo búrẹ́kì onínáá tí wọ́n ń pè ní SBC. Bí ẹ bá tẹ búrẹ́kì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, òun ni yóò pàṣẹ fún pọ́ǹpù kó ti omi búrẹ́kì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Pọ́ǹpù náà sì ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó, bí iye rẹ̀ bá ti pé, ó di dandan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọkọ̀ ọdún 2007 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára E-Class, ìyẹn ìdílé ọkọ̀ tí E350 wà. Ẹni tó bá lọ ra àlòkù pọ́ǹpù yẹn ní Ládìpọ̀, ìyókù ìṣirò ẹlòmíràn ló rà. Gbogbo èyí ni mo rò nígbà tí ọmọ iṣẹ́ wa wá bi mí léèrè èwo ni kí òun gbà yín níyànjú láti rà, mo ní C300. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ìyàwó yín nìkan ni, èsì kan náà ni n bá tún fọ̀ lónìí. Ẹ̀yin fúnra yín wà á dé òpin òpópónà yẹn, ẹ padà wá, ẹ ní ọkọ̀ náà ń gbọ́ràn sí ọwọ́ yín lẹ́nu. Ọkọ̀ tó kéré tó sì fúyẹ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti táyà, a kò ta èyí tó ti gbó fún yín. Nínú àwòrán tí ẹ fi sí i, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ táyà náà ni 1822, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é, rìmù tó sì tẹ̀ wọnú lápá kan nínú àwòrán kan náà jẹ́rìí pé kòtò ló gbá a. Ìwọ̀n 245/40 ni táyà ẹ̀yìn C300 Sport yín, ògiri rẹ̀ láti rìmù dé ilẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 10, kò sì lè gba ìyà bí táyà jíìpù. Ó yẹ kí a ti sọ ìyẹn fún ẹni tó ń na ọ̀nà Iléṣà, a kò sì sọ ọ́. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú àwòrán kejì tó ń kọ mí lóminú: vọkanáísà fi 225/45, ìyẹn ìwọ̀n táyà iwájú, sí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ náà lè yọ̀ lójú òjò. Ẹ mú un wá, a ó fi èyí tó yẹ sí i, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Lórí ìpààrọ̀ tí ẹ béèrè, ẹ ti forúkọ sí ọkọ̀ náà, ẹ sì ti lò ó, n kò lè ṣèlérí pé iye tí ẹ rà á la ó kà fún yín. Mekáníìkì tí ẹ̀yin bá mú wá ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí a jọ fẹnu kò sí iye kan, a kò sì ní gba èrè lórí èyí tí ẹ bá fi pààrọ̀ rẹ̀. E350 ti 2010 kan ti dé ọwọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá: kò ní SBC, irin eléyín tó jẹ́ àtúnṣe ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 287 láàrin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Owó tí ẹ óò fi kún un kò kéré, nítorí pé iye ọkọ̀ ni Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó ibodè. Ó sì fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ gùn ju C300 yín lọ láti bọ́ńpà dé bọ́ńpà, nítorí náà, kí ẹ tó wá, ẹ wọn ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí nílé.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wà nílẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú Màmá dání. Ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ jókòó síwájú, kí ẹ tún àga ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, kí Màmá tó wọ ẹ̀yìn.