Ọjọ́ Tí Ẹ Bá Débẹ̀ Gan-an Ni Wọ́n Ń Tún Un Ṣe

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn kúrò lójú mi, mo ti rí fọ́tò ọ̀hún. Gbogbo Lafiájì ló ti rí i. Big Ben dúró gbọnrangandan, ojú aago ń dán, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ẹyọ ènìyàn kan nísàlẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò yẹn, ẹ bá mi bi í léèrè ọdún tó yà á. Torí láti 2017 títí wọ 2022, àwa tí à ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ò rí Big Ben, irin bíríkìlà là ń rí.

Fíìsà ti jáde, a dúpẹ́. Léèsì ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, a tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́ níwájú ilé yìí. Gbogbo ohun tí òyìnbó fi ń ṣe fọ́ńté nínú kàlẹ́ńdà, arúgbó ni wọ́n, arúgbó ò sì ṣeé fi sílẹ̀ láìtọ́jú. Bí wọn ò bá kùn ún, wọ́n ń pààrọ̀ òkúta ara rẹ̀. Bí wọn ò bá pààrọ̀ òkúta, wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí àlejò láti Èkó bá sì dé ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Big Ben yẹn. Elizabeth Tower ni orúkọ tí ilé gogoro náà ń jẹ́ láti 2012, mítà 96 ni gíga rẹ̀. Agogo inú rẹ̀, tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 13 lọ, ló ń jẹ́ Big Ben gan-an. Wọ́n ní mílíọ̀nù póùn 29 ni àtúnṣe máa jẹ. Wọ́n tú ara ilé wò, wọ́n bá ọgbẹ́ bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì níbẹ̀, wọ́n bá asbestos, èròjà ìkọ́lé àtijọ́ tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n bá òkúta tí èéfín ti jẹ. Owó bá fò lọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 80. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé iṣẹ́ fún bíríkìlà rí, ẹ mọ orin yẹn: "Àlájà, ìgbà tá a ṣí òrùlé la rí i pé gbogbo igi ẹ̀ ló ti jẹrà." Ṣé ẹ rò pé orin yẹn ò dé Westminster tí Big Ben wà ni?

Ní gbogbo àsìkò yẹn, irin bò ó látòkè délẹ̀, ojú aago kan péré ló ń yọ. Bí Ẹ̀yọ̀ tó gbàgbé láti da aṣọ bojú ló rí. Agogo pàápàá, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ní August 2017. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọdún tuntun tàbí irú ọjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀, kò dún. Èrò ò sì torí ẹ̀ dín kù o. Wọ́n ń fò wá láti òpin ayé wá ya irin.

Kí ẹ má baà wà nínú wọn, kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ tẹ orúkọ ibẹ̀ sí Google Maps, ẹ lọ síbi tí àwọn èrò ń kó fọ́tò sí, ẹ ní kó fi èyí tó tuntun jù hàn yín. Fọ́tò tí àjèjì kan yà lánàá kì í purọ́. Ti ẹni tó fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ọdún tó wù ú ló yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìkànnì ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn àlejò sí. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé apá báyìí wà ní títì, ṣùgbọ́n lẹ́tà kíkéré ni wọ́n fi máa ń kọ ọ́. Ní Ítálì, wọ́n tiẹ̀ máa ń ya àwòrán ilé sára aṣọ tí wọ́n fi bo ilé. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn dáadáa, tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́, ará ilé ò ní mọ̀.

Ní ti fọ́tò Big Ben, tó ti bọ́ irin sílẹ̀ báyìí, ẹ má dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ń dúró sí, imú yín àti ìdí ilé nìkan ni yóò jáde. Ẹ gba orí afárá Westminster kọjá sí òdìkejì odò, níbi tí ilé ìwòsàn St Thomas' wà, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí etí omi. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, torí ẹ̀yìn yín ni oòrùn ti ń yọ, gbogbo ara ilé á sì mọ́lẹ̀. Kí gèlè ní pín-ìnnì tó pọ̀. Atẹ́gùn orí afárá yẹn ò mọ aṣọ olówó.

Bó bá jẹ́ ilé tí wọn ò parí ni ẹ fẹ́ wò, ìlú Barcelona ni kí ẹ lọ. 1882 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sagrada Família. Gaudí, ayàwòrán-ilé, gba iṣẹ́ náà ní 1883, tíráàmù kọ lù ú ní 1926, ó kú, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ilé tó bá pẹ́ báyẹn ní Èkó, ìran kẹrin ọmọ onílẹ̀ á ti gba owó ìpìlẹ̀ tiwọn, wọ́n á sì ti kọ "This house is not for sale" sí ara ògiri. Ti àwọn yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ wọlé wò ó, owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni wọ́n sì fi ń ra òkúta. Ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ilé Ìlójò ní Tinúbú níbí, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Ní September 2016, ẹnikẹ́ni ò fi irin yí tiwa ká. Wọ́n wó o ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Paris, torí ẹ̀gbọ́n ń wò mí lójú. Ilé irin Eiffel, nǹkan bí ọdún méje-méje ni wọ́n ń kùn ún, ọ̀dà bíi tọ́ọ̀nù 60 ló sì ń mu lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá bá àwọ̀n lápá kan, ẹ má bínú. Tíkẹ́ẹ̀tì àtẹ̀gùn ò wọ́n tó ti líìfìtì, ṣùgbọ́n 674 ni àtẹ̀gùn tí ẹ máa gùn kí ẹ tó dé àjà kejì, orúnkún ló máa san ìyókù. Wọ́n á yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà: ìgò ò gbọdọ̀ wọlé, agolo ò gbọdọ̀ wọlé. Kúlà jọ́lọ́ọ̀fù ẹ̀yin àlejò wa yẹn, ẹ fi í sílé, àpò ńlá kì í kọjá níbẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n á ti bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame tó jóná ní April 2019 ti ṣílẹ̀kùn láti December 2024. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ọ̀fẹ́ náà ni kí èèyàn gba ààyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lè yá lórí ìlà. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú rẹ̀ tó ní òun ní tíkẹ́ẹ̀tì tà, gbájúẹ̀ ni, ẹ ò nílò kí n sọ̀rọ̀ síwájú.

Ní Louvre, ilé àwòrán ńlá tó wà ní Paris, ọjọ́ Tuesday, ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwòrán Mona Lisa tí gbogbo ayé ń tìtorí ẹ̀ fara gbún ara, sẹ̀ǹtímítà 77 sí 53 ni, fèrèsé ilé ìwẹ̀ wa tóbi jù ú lọ, ó sì tún wà lẹ́yìn gíláàsì. Ohun tí ẹ máa rí ni fóònù igba èèyàn tí wọ́n nà sókè. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀yin kan náà tí ẹ máa ń gbá báàgì mọ́ àyà ní Balógun lóṣù December, bí ẹ bá ti dé Paris, ẹ ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ta ló ní kò sí olè níbẹ̀? October 2025, àwọn olè gbé ọkọ̀ tó ní àkàsọ̀ wá sídìí Louvre yìí kan náà, wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfèé tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀, wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ ayaba lọ, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlú tí iṣẹ́ àtúnṣe pọ̀ sí, ta ni yóò bi bíríkìlà pé níbo lò ń gùn lọ?

Ó wá ku àwọn òntajà, níbi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ ó máa rìn lọ létí odò Paris, obìnrin kan tàbí ọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ níwájú yín, á mú òrùka nílẹ̀. "Ṣé tiyín ni?" Ó wúwo, ó ń dán, wọ́n ti tẹ nọ́ńbà góòlù sínú rẹ̀. Á ní kò gba òun níka, kí ẹ máa mú un lọ, Ọlọ́run ló fún yín. Ẹ bá gbà á. Ẹ ò tíì rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó fi ní ebi ń pa òun, kí ẹ fún òun ní nǹkan. Bàbà lásán ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìdúmọ̀tà! Eré tí wọ́n ń ṣe láti ayé bàbá yín! Ẹ fi òrùka sílẹ̀ níbi tí Ọlọ́run fi í sí, kí ẹ kọjá.

Ní ìsàlẹ̀ òkè Montmartre, ní Paris náà, àwọn olókùn ló wà níbẹ̀. Wọ́n á kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ bọ̀ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti na tiyín, ó ti fi òwú sí ìka, ó ti ń hun ún, kí ẹ tó pajú dé ó ti so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, koko tí ò ṣeé tú. Okùn tó ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti rà á nìyẹn. Ọwọ́ nínú àpò, ẹsẹ̀ má dúró. A kọ́ yín ní ìkíni dáadáa nílé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti kúnlẹ̀.

Lórí afárá Westminster, ife mẹ́ta àti bọ́ọ̀lù kékeré kan ló wà lórí rọ́ọ̀gì. Ẹ ó rí ẹnì kan tó ń jẹ owó lójú yín, á gba 50 póùn, á fò sókè. Ẹni tó ń jẹ yẹn, àjọṣe ni wọ́n. Ẹni tó ń kígbe pé ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù wà, ara wọn ni. Ẹni tó dúró lọ́nà jíjìn tó ń wo òréré, ọlọ́pàá ló ń ṣọ́. Nínú èèyàn mẹ́jọ tó yí rọ́ọ̀gì ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni àlejò. Bí owó yín bá sì ti délẹ̀, bọ́ọ̀lù ò sí lábẹ́ ife kankan mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá ló wà. Ẹ má sì dúró wòran. Ẹni tó ń wòran ni wọ́n ń yọ nǹkan lápò rẹ̀.

Ti kẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe Márúwá o. Ẹni kan ló ń fi ẹsẹ̀ wà á, ó fi irun aláwọ̀ pupa bo àga, ó gbé orin sókè. Ẹ béèrè iye kí ẹ tó jókòó: ṣé gbogbo ọ̀nà ni, àbí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ṣé gbogbo yín ni, àbí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ò béèrè, ó lè san owó tó fi wọ bàálù abẹ́lé fún ìrìn tí kò tó CMS sí Ọbáléńdé. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ni kí ẹ wọ̀, póùn kan àti pẹ́ńsì 75 ni owó rẹ̀ ní 2025, bí ẹ bá sì bọ́ sí òmíràn kí wákàtí kan tó pé, ẹ ò tún san. Ẹ jókòó sókè, níwájú pátápátá. Káàdì ni wọ́n fi ń sanwó, káàdì kan fún ẹnì kan. Ẹ má ro pé káàdì ẹ̀gbọ́n á gbé gbogbo ẹbí wọlé.

Ẹ fi ojú àánú wo àwa tí ẹ fẹ́ dé sọ́dọ̀ wa náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 28 lófin fún un láti fi sinmi lọ́dún, ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì lè ka ọjọ́ ọdún Kérésì àti Àjíǹde mọ́ ọn. Àlejò mẹ́ta péré, ìsinmi ti tán, onílé ò tíì sinmi.

Ní Róòmù, orísun omi Trevi, wọ́n fà á gbẹ ní 2024 láti tún un ṣe, wọ́n gbé àgbá omi kékeré kan síwájú rẹ̀ kí àlejò má baà máa ju owó sí afẹ́fẹ́. Omi ti padà báyìí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ju owó gba orí èjìká òsì. Àwọn aláìní ni wọ́n ń kó o fún, ẹ má wọ inú ẹ̀ lọ ṣà á, ìtanràn wà níbẹ̀. Ẹ má ra omi inú ọ̀rá, ẹ̀rọ omi irin wà káàkiri ìgboro, ọ̀fẹ́ ni, ó tutù, ó ṣeé mu. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, omi á ta sókè láti inú ihò kékeré kan, tààrà sí ẹnu yín.

Àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà á pè yín ní "Mama Africa" níbẹ̀. Ẹ wo ìtẹ́ wọn dáadáa: aṣọ funfun ni, okùn wà létí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo orí okùn wà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Bí ọlọ́pàá bá yọ, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ṣọ́ọ̀bù di ẹrù, ẹrù gun èjìká, ó ti wọ kọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sá fún KAI, agbófinró ìjọba Èkó tó ń lé ọlọ́jà etí títì, ní Marina ò tíì mọ ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n báàgì ayédèrú tó wà lórí aṣọ yẹn, ẹ má rà á. Ní Ítálì, òfin mú ẹni tó rà á náà, láti yúrò 300 títí dé 7,000.

Kíhódà Eiffel kéékèèké tí ẹ fẹ́ kó wá fún gbogbo àdúgbò ńkọ́? China ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ má fi ẹrù bàálù gbé irin kiri. Ẹ wá a dáadáa ní Ìdúmọ̀tà kí ẹ tó lọ, ẹ rà á ní dọ́sìnnì, ẹ fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá pín in nígbà tí ẹ bá dé. Kí ẹ ṣáà rí i pé ẹ yọ sítíkà náírà kúrò lára ẹ̀.