Ta ló sọ pé irinṣẹ́ olówó ńlá ló ń mú Help dára?

Ní Yaba níbí, bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ kọ Help (ìyẹn ìtọ́ni fún ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà) fún sọ́fítíwíà rẹ̀, ohun tí ọ̀gá máa kọ́kọ́ sọ ni pé: “Irinṣẹ́ wo ni àwọn òyìnbó ń lò? Ẹ rà á, èló ni?” Ó ti wọ̀ wá lára pé bí owó irinṣẹ́ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni Help á ṣe dára tó. Irọ́ ni. Ibi tí oníbàárà máa ti ṣí i ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ wo CHM, irú fáìlì Help tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 1997. Irinṣẹ́ olówó gọbọi ń ṣe é; HTML Help Workshop tí Microsoft fúnra wọn fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ náà ń ṣe é, fáìlì kan náà ló sì ń jáde. Lọ́dún 2005, Microsoft fi àtúnṣe ààbò kan ránṣẹ́ sórí Windows. Látìgbà náà, bí CHM bá wà nínú fóldà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń ṣí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wàhálà dé. Akáúńtáńtì kan ní Broad Street á ṣí i, á rí àwọn àkọlé lápá òsì, gbogbo rẹ̀ á pé. Apá ọ̀tún tó yẹ kó ti kàwé á funfun báláú. Ẹni tó kọ Help náà ló máa bú. Bí ẹ ná ẹgbẹ̀rún dọ́là sórí irinṣẹ́, funfun náà ni yóò máa wà, àfi kí wọ́n kó fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tiwọn.

WinHelp, irú Help tó ṣáájú CHM, tó bá Windows 3.0 dé lọ́dún 1990, Windows Vista kò tilẹ̀ gbé e wá mọ́. Irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́? RoboHelp, irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ Help, kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, ó bọ́ sọ́wọ́ Macromedia lọ́dún 2003, kó tó di ti Adobe lọ́dún 2005. (Irinṣẹ́ gidi ni o, mi ò bú u.) Bí ọ̀rọ̀ yín bá há sínú fáìlì tí irinṣẹ́ kan ṣoṣo lè ṣí, ẹ ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Markdown, ọ̀nà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú àmì díẹ̀, tí John Gruber gbé jáde lọ́dún 2004: Notepad lásán ń ṣí i. Sphinx, tí wọ́n ṣe fún ìwé ìtọ́ni Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà), ọ̀fẹ́ ni, òun náà ń sọ ọ̀rọ̀ lásán di ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé kí ẹnikẹ́ni má ra irinṣẹ́ ni? Rárá. Bí òǹkọ̀wé bá pọ̀, tí ọ̀rọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ jáde bíi PDF, bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ní èdè mẹ́ta, fún oríṣi sọ́fítíwíà mẹ́rin, owó náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ènìyàn méjì péré ń kọ Help?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rà kọ ojú ewé kan, èyí tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá owó tó ṣìnà padà. Ẹ fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá oníṣòwò kan ní Balógun, lórí fóònù Android àtijọ́, láàárín ọjà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège. Kí wọ́n fúnra wọn wá “owó mi ò wọlé” nínú rẹ̀. Bí ojú ewé náà ò bá ṣí, tàbí tí àwòrán inú rẹ̀ jẹ dátà wọn tán, ẹ dá owó yín padà sápò.