Èmi ni ẹ ò rí mọ́, àbí ẹ̀yin?

Wọ́n tún sọ ọ́ fún mi lọ́jà Sábó láàárọ̀ yìí: "Ìyàwó wa, o ò mà yọjú sí wa mọ́!"

Kí n yọjú kẹ̀? Mo pọn ọmọ oṣù 4, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 2 ń fà mí láṣọ, tòmátì wà lọ́wọ́ mi! Ṣé kí n kó àwọn méjèèjì sórí ọ̀kadà láti Ìgbógbó kí n lè wá kí yín ni?

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àga ò tó yín jókòó. Ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ gba ike, ẹ ní "ohunkóhun tó o bá fẹ́, ṣáà ti pè wá." Mo pè! Ta ló gbé e? Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Igba ojú ọ̀hún dà?

Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo rí oorun sùn, àjèjì ni, obìnrin tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6. Omi lé ròrò sójú òun náà. A tún pàdé ní ọ̀sẹ̀ 10, a pàdé ní 14. Abẹ́rẹ́ tó kàn wá di ìgbà tọ́mọ bá pé oṣù 9! Ṣé ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún ọmọ nìkan ni kí n máa rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni?

Ẹ wá sílé mi! Ẹ bá mi gbé ọmọ fún ìṣẹ́jú 20 péré kí n ráyè wẹ̀. Ẹ má bi mí mọ́ pé ibo ni mo wọlé sí.