Ẹ Yé É Ka Ọkọ̀ Tó Rì, Ẹ Lọ Ka Póìntì!

Ọ̀rọ̀ yìí sú èèyàn! Ẹnì kan á máa fi War in the Pacific: Admiral's Edition ṣeré, géèmù kọ̀ǹpútà lórí ogun Jàpáánì pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, á mú apá Jàpáánì, á máa fọ́nnu kiri pé òun ti ri ọkọ̀ agbébàálù Amẹ́ríkà mẹ́ta, òun sì ti gba erékùṣù Java. Bí ọdún 1943 inú géèmù bá wọlé tí kọ̀ǹpútà ò kéde rẹ̀ ní olùborí, á fi igbe ta pé mágòmágó ni. Mágòmágó wo? Ṣé ẹ ka òfin ni?

Géèmù yìí kì í wo ẹni tó kàn fi póìntì ju ẹnì kejì lọ. Ìlọ́po ló ń wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1943, ẹni tí póìntì rẹ̀ bá tó ìlọ́po mẹ́rin ti alátakò ló gba ìṣẹ́gun ojú-ẹsẹ̀. Ní 1944, ìlọ́po mẹ́ta; ní 1945, ìlọ́po méjì. Kó tó di 1943 ńkọ́? Òfo ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ ní 20,000, alátakò ní 5,000: ó pé. Ṣùgbọ́n bàálù yín kan tó bá já bọ́, póìntì kan ni fún alátakò. Ẹ wá fi agídí da bàálù 200 nù lórí ìlú Port Moresby, alátakò di 5,200, ó di dandan kí ẹ ní 20,800. Bàálù 200 ti di gbèsè 800! Èyí gan-an lẹ kì í fẹ́ gbọ́.

Ibùdó tí ẹ bá gbà náà ní póìntì tirẹ̀. Ibùdó kan náà, iye póìntì tó jẹ́ fún Jàpáánì lè yàtọ̀ pátápátá sí iye tó jẹ́ fún Allied, ìyẹn apá Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀. Ẹ fẹ èbúté àti pápá bàálù ibẹ̀, póìntì á gbèrú. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ àti ọta gbẹ níbẹ̀, á já wálẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ó kó ọmọ ogun dà sí erékùṣù kan lọ́nà jíjìn, ẹ ò ní fi ọkọ̀ ẹrù kankan ránṣẹ́, ẹ ó wá máa bi èèyàn pé kí ló jẹ póìntì yín.

Àti àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó rì yẹn! Bí ẹ bá tan fog of war, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí ẹ rí gbogbo òótọ́ nípa ọ̀tá, ẹnu awakọ̀ bàálù ni ìròyìn ti ń wá, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n láti bù mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ti rì, ẹ ó tún bá a pàdé lójú omi.

Ẹ̀yin Allied, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ogun tí ẹ há mọ́ Singapore títí tí wọ́n fi juwọ́ sílẹ̀, póìntì Jàpáánì ni. Bí 1942 bá ti ń parí lọ, póìntì kan tí ẹ bá rí, mẹ́rin ló ń fi kún ohun tí Jàpáánì gbọ́dọ̀ wá. Ẹ fi Yamato, ọkọ̀ ogun ńlá Jàpáánì yẹn, lọ́rùn sílẹ̀, ẹ lọ máa já bàálù!