Kì í ṣe àtòrì ló ń mú kíláàsì tòrò

"Ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ràn láìsí ẹgba." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n sì kó àtòrì lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú rẹ́jísítà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Irọ́ ni, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, irọ́ tí àpá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ.

Gbogbo wa la mọ bébà aláriwo. Bí olùkọ́ bá fẹ́ yà sí ọ́fíìsì, á ní kí mọ́nítọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu. Bó bá padà dé, á máa pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ẹgba mẹ́ta-mẹ́ta. Mo máa ń ju àwọn bébà yẹn sínú tábìlì mi. Nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́ ní ìparí táàmù kan, mo kó wọn jáde, mo jókòó, mo sì kà wọ́n. Ọmọ 57 ló wà ní Kíláàsì Kẹrin tí mò ń kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì títí dé ọ̀sẹ̀ kọkànlá, àwọn méje kan náà ni orúkọ wọn ń jáde ṣáá. Oògùn wo la lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí àìsàn ò lọ, tí a ṣì ń pè é lóògùn?

Òótọ́ ni pé ẹgba ń pa ẹnu mọ́. Mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ojú olùkọ́ bá wà níbẹ̀ nìkan ni. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé wọ́n ti yan ọmọ kan sí ojú fèrèsé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wí pé "Ó ń bọ̀ o!" bó bá ti gbúròó bàtà mi. Ohun tí àtòrì mi kọ́ wọn nìyẹn.

Ó sì tún ń kọ́ wọn ní irọ́. Lọ́dún 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Ilé-ìwé méjì ni wọ́n lò: wọ́n ń na ọmọ ní ọ̀kan, wọn kì í nà wọ́n ní ìkejì. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin má ṣe yẹ ohun ìṣeré kan wò, wọ́n sì jáde. Níbi méjèèjì, àwọn tó yọjú wò ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé-ìwé ẹgba purọ́ ju àwọn yòókù lọ dáadáa, wọ́n sì mọ irọ́ náà gbé dúró jù wọ́n lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta!

Kí ló wá ń mú kíláàsì tòrò? Jacob Kounin, ará Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà sínú àwọn kíláàsì kí ó lè mọ bí olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ká ọmọ ṣe ń bá wọn wí. Ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1970. Ohun tó rí ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu: ohun tí olùkọ́ ń ṣe lẹ́yìn tí ọmọ ti ṣẹ̀ kọ́ ló ya olùkọ́ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ohun tó ti ń ṣe kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé ni. Ojú rẹ̀ ń ká gbogbo kíláàsì, àwọn ọmọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jókòó lásán.

Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Bí àlejò bá wà nílé tí ọmọ ń na ọwọ́ sí ẹran inú àwo àlejò, ṣé ìyá á dìde lọ wá pàṣán ni? Ojú ló máa fi wò ó, ọwọ́ á sì padà sílé. Ìbáwí ni àwọn baba wa pe nǹkan yìí, kí á bá ọmọ wí. Wọn ò pè é ní ìbánà.

Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kí àwọn ọmọ tó ti orí ìlà wọlé láàárọ̀, ìṣirò mẹ́ta ti wà lójú pátákó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń dárúkọ wọn bí wọ́n ti ń kí mi. Bí mo bá ń kọ̀wé sójú pátákó, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ dúró, mi ò kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà, mo rọra rìn lọ síbi ìjókòó rẹ̀, mo sì ń bá ẹ̀kọ́ mi lọ láìdárúkọ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn máa ń bá ìyá rẹ̀ ta èlùbọ́ lẹ́yìn iléèwé. Nígbà tí mo ṣì ń lo àtòrì, kí n tó kọ ìṣirò kẹta tán, ó ti ṣe méjì àkọ́kọ́, ó ti ń yọ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu. Mo ti nà án láìmọye ìgbà nítorí pé ó mọ ìṣirò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Mo wá ń kọ méjì tó le gan-an sí ẹ̀gbẹ́ pátákó fún ẹni tó bá tètè ṣe tán. Orúkọ rẹ̀ kúrò nínú bébà.

Àwọn kan á ní, "Àwa náà jẹgba, a sì dèèyàn." Ẹni tó torí ẹgba sá kúrò nílé-ìwé ńkọ́, ta ló ń bi í? Àwọn mìíràn á ní àṣà òyìnbó ni. Rárá o. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń na ọmọ nílé-ìwé ìjọba wọn títí òfin 1986 fi dé. Tógò fòfin de ẹgba ní 2007, Bẹ̀nẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2015. Ọmọ Yorùbá kúkú ni àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Bẹ̀nẹ̀.

Ó ṣì ń le nígbà mìíràn. Bí òjò bá ń lu òrùlé páànù, tí ohùn mi ò dé ìjókòó kejì, mi ò ń bá òjò jà mọ́. Mo ń kọ ìpínrọ̀ kúkúrú kan sójú pátákó, wọ́n ń dà á kọ ní ìwé ìfọwọ́kọ̀wé wọn, èmi sì ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, mò ń gbé ọwọ́ tó di pẹ́ńsùlù mú sódì sí bó ṣe yẹ, títí òjò á fi dá.