Èsì wa sí ìyàwó tó fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo lórí ayélujára

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé, ìyàwó wa. Ẹ kú ìnáwó o.

Ẹ ní nínú gbogbo fótò ìgbéyàwó tí a yà fún yín, kò sí èyí tí ẹnì kankan ti wo kámẹ́rà, pé fótò inú gbọ̀ngàn dúdú, pé ó sì pẹ́ kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Gbangba lẹ ti sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fèsì ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ wá lè mọ bó ṣe jẹ́.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 2025 ni ẹ̀yin àti ọkọ yín wá sí ṣọ́ọ̀bù wa n'Íbàdàn. Èmi fúnra mi ni mo ṣí álúbọ́ọ̀mù méjì síwájú yín. Ọ̀kan ni èyí tí a ń to èèyàn: bàbá níbí, ìyá lọ́hùn-ún, ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ rẹ́rìn-ín. Èkejì ni candid, tí a kì í dá ẹnikẹ́ni dúró, bí nǹkan bá ṣe ń ṣẹlẹ̀ la ó ṣe máa yà á. Mo ní kí a pa méjèèjì pọ̀, torí àwọn ìyá wa fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń dúró yà. Ẹ ní rárá, ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró gbagidi bí ẹni ń ya fótò pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, ó ṣì wà lórí WhatsApp. Ṣé a wá fẹ́ máa pariwo "ẹ wo kámẹ́rà" ni?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, ọjọ́ ìgbéyàwó yín, àwa mẹ́ta la wá. Aago mẹ́wàá ni ìwé ìpè wí. Aago kan kọjá kí ẹ tó jáde níbi tí wọ́n ti ń kun ojú yín. Àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo àjà. Fláàṣì tí a máa ń kọjú sí àjà funfun kó lè tàn padà sójú èèyàn, aṣọ dúdú gbé e mì. A tan iná ńlá, ẹ rán ọ̀rẹ́ yín wá pé ká pa á, pé ó ń ba iná elésè àlùkò yín jẹ́. Ọmọ tó ń gbé iná pa á. Ta ló máa bá ìyàwó jiyàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

Ẹ ò wá dárúkọ fótò bàbá yín. Nígbà tí ọkọ yín àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tí alága ìjókòó ń gbowó lọ́wọ́ wọn, tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, bàbá yín nìkan ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi etí agbádá nu ojú. Ọmọ iṣẹ́ mi obìnrin, tó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn àga, òun ló rí i. Bàbá ò wo kámẹ́rà. Fótò yẹn ló wà lójú WhatsApp yín títí di àárọ̀ yìí.

Ní ti pé fótò pẹ́, gbogbo wa la jọ ń gbé Nàìjíríà, a mọ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná.

Àmọ́ ìyá yín pè mí. Wọ́n ní àwọn àtàwọn àbúrò àwọn ò ní fótò kan ṣoṣo tí wọ́n jọ dúró yà nínú aṣọ ẹbí. Ìyẹn dùn mí, torí màmá ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń yàn. Kí wọ́n kó aṣọ òkè àti gèlè wọn wá, gbogbo ẹbí pátá. Ìyàwó mi ló máa wé gèlè. N ó yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó yà wọ́n pọ̀, n ó fi fírémù ńlá lé e, n ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà lè bá wọn wá. Aago mẹ́wàá la ń bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe aago mẹ́wàá ọjọ́ ìgbéyàwó yín.