Orúkọ "vaccine" kò fi màlúù sínú ìgò abẹ́rẹ́

Wọ́n tún ti gbé e dé: pé "màlúù" ni "vaccine" túmọ̀ sí lédè Látìn, pé ara màlúù ni wọ́n ń gún sí àwọn ọmọ wa lápá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Ìyá tó bá gbà á gbọ́ kò ní gbé ọmọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ abẹ́rẹ́.

Lóòótọ́, vacca ni abo màlúù, vaccinus sì ni "ti abo màlúù". Àrùn ara màlúù kan tó jọ ṣọ̀pọ̀nná ni Edward Jenner, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè ní variolae vaccinae. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1796, ó mú oje egbò lọ́wọ́ Sarah Nelmes, tó kó àrùn náà nídìí wàrà fífún, ó sì sín in sápá James Phipps, ọmọ ọdún 8, bí ẹni sín gbẹ́rẹ́. Lọ́dún 1881 ni Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ní kí gbogbo àjẹsára máa jẹ́ orúkọ yẹn, kí a fi yẹ́ Jenner sí. Orúkọ ló tàn kálẹ̀, kì í ṣe màlúù.

Ẹ wo ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí wọ́n ń gún fún ọmọ oṣù 9. Inú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin ará Gánà, ni wọ́n ti rí kòkòrò rẹ̀ lọ́dún 1927. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀lẹ, inú ẹyin adìẹ tó ti ń dọmọ ni wọ́n sì ti ń sìn ín. Nítorí náà, bí ẹyin bá máa ń mú kí ètè ọmọ yín wú tàbí kí èémí há a, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló wà nínú ìgò. Omi tó bá a wá gan-an ni wọ́n fi ń pò ó. Mílílítà 0.5 ni ti ọmọ kan. Bí wọ́n bá ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ kí wọ́n tó dà á nù, torí kòkòrò mìíràn lè ti wọ̀ ọ́. Aago tí wọ́n ṣí ìgò ni kí ẹ béèrè, ẹ fi màlúù sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi omi inú ẹ̀jẹ̀ màlúù bọ́ kòkòrò àwọn àjẹsára kan, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ títí á fi ku bín-ín-tín.

BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun, ló sún mọ́ màlúù jù. Kòkòrò ikọ́ ife màlúù ni Calmette àti Guérin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ará Faransé, tún gbìn nígbà 230, láti 1908 dé 1921, títí agbára fi tán nínú rẹ̀. Mílílítà 0.05 péré ni, inú awọ ni wọ́n ń gún un sí. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wú róbótó lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá wú, abẹ́rẹ́ ti jìn jù, ó sì lè kó ọyún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á di egbò kékeré. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi àgbo tàbí òróró kàn án. Á gbẹ fúnra rẹ̀, á ku àpá.